Bélúbélú Àgbàlagbà: Ṣé Kí A Gé E Ni Tàbí Kí A Fi Í Sílẹ̀?

   

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Kò sí agboolé kan ní Ìmọ́tà níhìn-ín, tàbí ní Ìkòròdú, tàbí ní Ẹ̀pẹ́, tí wọn kò tíì pe orúkọ bélúbélú níbẹ̀ rí. Bí ọmọ kékeré bá kọ oúnjẹ, tí ara rẹ̀ gbóná, àwọn ìyá àgbà á ní bélúbélú ló mú un. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí kì í ṣe ọmọdé. Bàálé ilé ni, ìyàwó ilé ni, ọmọge tó ń kọ́ṣẹ́ ni: ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ ń dùn ún lóòrèkóòrè, tó ti lo oògùn títí ó ti sú u, tí dókítà wá sọ fún un pé ó yẹ kí wọ́n gé e. Irú wọn máa ń dúró dè wá lẹ́yìn ìrun láti béèrè pé: "Àfáà, ṣé wọ́n ń ṣe é fún àgbà? Ṣé kò ní gba ohùn mi? Ṣé kì í ṣe ohun tí Ọlọ́run dá ni mo fẹ́ gé dànù?"

Ìdáhùn wa kò gùn. Ẹ kà á kí ẹ tó gé e. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n gé e. Bí wọ́n bá sì gé e tán, ẹ fún aláìsàn ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Àlàyé rẹ̀ ló kù.

KÍ NI BÉLÚBÉLÚ GAN-AN?

Bí ẹ bá la ẹnu sójú dígí nínú ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí ẹran tín-ín-rín kan tí ó so rọ̀ láàárín gbùngbùn bí ahọ́n agogo. Ẹ ó sì rí kókó méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ní ẹ̀yìn ahọ́n. Àwọn kókó méjì wọ̀nyí ni àwọn dókítà ń pè ní tọ́ńsùlù. Àwa fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo wọn: ẹran tó so rọ̀, bélúbélú ni; kókó méjèèjì, bélúbélú ni; àìsàn tó ń ṣe wọ́n, bélúbélú náà ni. Ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti wọlé. Ẹran àárín yẹn ni àwọn onígbàjámọ̀ àti àwọn olóólà máa ń gé, bẹ́ẹ̀ ó sábà jẹ́ pé inú kókó méjèèjì ni àrùn ń gbé. Wọ́n gé aláìṣẹ̀, wọ́n fi ẹlẹ́ṣẹ̀ sílẹ̀.

Ọlọ́run kò dá kókó méjì yìí lásán. Oníbodè ni wọ́n. Ohun tó bá gba ẹnu wọlé, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì kọ́ ara ní bí yóò ti bá kòkòrò àrùn jà, pàápàá nígbà tí a wà ní kékeré. Bí a bá dàgbà tán, oníbodè mìíràn pọ̀ nínú ara tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ìdí nìyí tí àgbàlagbà tí wọ́n gé tirẹ̀ kì í fi í di aláìlera. Ṣùgbọ́n ìdí nìyí náà tí a kì í fi í gé e nítorí ẹ̀ẹ̀kan tí ọ̀fun dunni.

OHUN TÍ ÀWỌN AṢÁÁJÚ WA MỌ̀

Àrùn ọ̀fun kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó wà nínú Sàhíhù Búkárì pé obìnrin kan, Ummu Qais ọmọ Mihsan, gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá sọ́dọ̀ Òjíṣẹ́ Ọlọ́run (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a). Àrùn ọ̀fun ló ń ṣe ọmọ náà, ìyá rẹ̀ sì ti tẹ inú ọ̀fun rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn obìnrin ìgbà náà ti máa ń ṣe. Ànábì kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó bá àwọn ìyá wí nítorí ìyà tí wọ́n ń fi jẹ ọmọ wọn, ó sì tọ́ka igi olóòórùn dídùn kan láti ilẹ̀ Íńdíà fún wọn gẹ́gẹ́ bí oògùn. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé a kò gbọdọ̀ torí ìwòsàn fi ìyà tí kò nídìí jẹ aláìsàn. Bí ọ̀nà tó rọrùn bá wà, òun ni kí a kọ́kọ́ tọ̀.

Ṣùgbọ́n Ànábì kan náà yìí, bí ó ti wà nínú Sàhíhù Músílímù, rán oníṣègùn sí Ubayy ọmọ Ka'b, oníṣègùn náà sì fi abẹ gé iṣan rẹ̀, ó fi iná jó ojú rẹ̀. Nítorí náà, abẹ tí a fi ń wá ìlera kì í ṣe èèwọ̀. Ẹni tó ń gé ibi tó ń ṣàìsàn kò sí lára àwọn tó ń yí ìṣẹ̀dá Ọlọ́run padà nítorí ẹwà.

Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, Mùsùlùmí kan tí ń jẹ́ Al-Zahrawi, ará Kọ́dóbà ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Sípéènì lónìí, kọ ìwé ìṣègùn ńlá kan tó pín sí ọgbọ̀n apá, orúkọ rẹ̀ ni At-Tasrif. Ó ṣàlàyé bí a ti ń gé kókó ọ̀fun nínú rẹ̀: kí aláìsàn jókòó kọjú sí oòrùn, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú, kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ tẹ ahọ́n rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí oníṣẹ́ fi ìwọ̀ fa kókó náà síta kí ó tó gé e. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ abẹ ọ̀fun jẹ́ ọgbọ́n òyìnbó nìkan, ẹ sọ èyí fún un.

Ẹ KÀ Á KÍ Ẹ TÓ GÉ E

Èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀fun dídùn, bíi ọ̀fìnkìn ni. Yóò lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Omi, ìsinmi àti parasitamọ́ọ̀lù tó o. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé kòkòrò tí pẹnisilínì ń pa ló fà á, èyí tí Alexander Fleming rí ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1928. Bí dókítà bá kọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ lò ó tán, bí ọ̀fun tilẹ̀ ti fúyẹ́ lọ́jọ́ kẹta. Bí a kò bá pa irú kòkòrò yìí tán, ó lè padà wá ba oríkèé ara àti ọkàn jẹ́.

Nígbà wo wá ni ọ̀rọ̀ abẹ ń wọlé? Ìwọ̀n tí àwọn dókítà ń lò nìyí: kí ọ̀fun ti dunni gan-an tó ìgbà 7 láàárín ọdún kan, tàbí ìgbà 5 lọ́dọọdún fún ọdún méjì, tàbí ìgbà 3 lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta. Kì í ṣe dídùn tí a fi ń rẹ́rìn-ín o. Èyí tó dá ènìyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń kà. Nítorí náà, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ní ìwé àjọ, ẹ lo ẹ̀yìn rẹ̀: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, bóyá ara gbóná, iye ọjọ́ tí ẹ kò fi lè ṣiṣẹ́, oògùn tí ẹ lò. Bí ẹ bá gbé ìwé yẹn síwájú dókítà, ó sàn ju kí ẹ máa wí pé "ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe mí" lọ.

Àwọn ìdí mìíràn tún wà. Kókó méjèèjì lè tóbi débi pé èémí ń há lóru. Ẹni tó ń sùn kò ní mọ̀. Ẹni tó sùn tì í ni ẹlẹ́rìí. Ìyàwó tó gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń hanrun kíkankíkan, tí èémí dá wáí, tó tún ta gìrì mí kanlẹ̀, kí ó sọ ọ́ fún dókítà, kí ó má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí kókó apá kan bá tóbi ju èkejì lọ lára àgbàlagbà, tí nǹkan wú sí ọrùn, tàbí tí ara ń rù, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kíá, nítorí jẹjẹrẹ. Bí ẹnu kò bá ṣeé là, tí itọ́ kò ṣeé gbé mì, ó lè jẹ́ pé ọyún ti gbá jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó. Ìyẹn kì í dúró dọ̀la. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé abẹ ni òpin gbogbo ìyà ọ̀fun. Lọ́dún 2023, àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àgbàlagbà 453 ní ilé ìwòsàn 27. Wọ́n gé ti àwọn kan láìpẹ́, wọ́n fi oògùn tọ́jú àwọn ìyókù. Láàárín ọdún méjì, bí a bá mú ẹni tó wà ní agbedeméjì nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ 23 ni ọ̀fun fi dun ẹni tí wọ́n gé tirẹ̀, ọjọ́ 30 ni ti èkejì. Èrè wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n gé tiwọn, nǹkan bí 19 ni ẹ̀jẹ̀ jáde lára wọn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá tíì pé ìwọ̀n, kí ó ṣe sùúrù. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti pé, tí ìyà náà ń gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, kí ó má fi ìbẹ̀rù jókòó.

TA NI YÓÒ GÉ E?

Kì í ṣe onígbàjámọ̀. A kò kẹ́gàn iṣẹ́ bàbá ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n abẹ tó wọ ọ̀fun ẹlòmíràn láàárọ̀ lè kó àrùn éèdì àti mẹ́dọ̀wú wọ tìrẹ nírọ̀lẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì bẹ̀rẹ̀ sí dà, kò ní ohun tí yóò fi dá a dúró.

Ẹni tó wà ní Ìmọ́tà, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọn, tàbí Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú, kí wọ́n kọ ìwé fún un lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Wọ́n wà ní LASUTH ní Ìkẹjà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ bí ilé ìwòsàn kékeré lọ́dún 1955 kí ó tó di ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ lọ́dún 2001. Wọ́n sì wà ní LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ẹ béèrè iye tí gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ kí ọjọ́ tó pé. Bí ẹ bá wà nínú ètò Ìlera Èkó, ẹ bi wọ́n bóyá ó kan èyí.

Wọn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò bóyá ó tó, bóyá AA ni tàbí AS tàbí SS, wọn yóò sì wo ìfúnpá. Ẹ sọ òtítọ́ fún wọn. Bí oyún bá wà, ẹ sọ. Bí ẹ bá ń fún ọmọ lọ́mú, ẹ sọ, nítorí oògùn kan wà tí kò dára fún ọmọ ọwọ́. Bí eyín kan bá ń mì, ẹ sọ. Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ má fi pamọ́. Ẹ sì sọ bí ẹ bá ń lo Alábùkún. Ọmọ Ìkòròdú ni Jacob Odulate tó bẹ̀rẹ̀ oògùn náà ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1918, ọ̀pọ̀ ilé wa kò sì lè ṣe láìní in. Ṣùgbọ́n asipirínì wà nínú rẹ̀, asipirínì kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Kí abẹ tó dé, ẹ dá a dúró nígbà tí dókítà bá ní kí ẹ dá a dúró. Lẹ́yìn abẹ, ẹ má fọwọ́ kàn án títí ọ̀fun yóò fi jinná.

Ní ọjọ́ náà, oúnjẹ kò gbọdọ̀ wà nínú. Wọn yóò fún yín ní oògùn oorun, ẹ kò sì ní mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Iṣẹ́ náà kì í sábà tó wákàtí kan. Ẹ má fi ọjọ́ náà sí inú Rámádánì tàbí ọ̀sẹ̀ Iléyá. Lójú ẹran díndín àti ọbẹ̀ aláta, aláìsàn yóò jìyà méjì, ọ̀nà sì máa ń dí.

Ọ̀SẸ̀ MÉJÌ TÍ Ó LE

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń kùnà nìyí. Aláìsàn dé láti ilé ìwòsàn, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rìn, wọ́n rò pé ó ti tán. Oògùn ilé ìwòsàn ló ṣì wà lára rẹ̀. Láti bí ọjọ́ kẹta dé ọjọ́ keje ni ìrora máa ń le jù, ti àgbà sì le ju ti ọmọdé lọ. Etí yóò máa ro ó, bẹ́ẹ̀ etí kò ṣàìsàn. Ọ̀fun ló ń rán iṣẹ́ síbẹ̀. Ẹnu yóò máa rùn. Bí ẹ bá wo ọ̀fun, ẹ ó rí ohun funfun bíi ẹ̀kọ tó bò ó. Kò jẹrà. Èépá egbò ni, ẹ má fi nǹkan ha á.

Oògùn ìrora, ẹ fi aago lò ó bí a ti ń fi aago kírun. Ẹ má dúró kí ìrora tó dé. Parasitamọ́ọ̀lù àgbàlagbà kì í ju ẹyọ 8 onímílígíráàmù 500 lọ láàárín ọ̀sán àti òru kan, àfi bí dókítà bá wí òmíràn. Bí ẹ bá lò ó tó ìdajì wákàtí, kí ẹ jẹun. Dandan ni kí a jẹun o, àní bó ti ń dunni. Ọ̀fun tí kò gbé nǹkan mì á gbẹ, ìrora rẹ̀ á pọ̀ sí i. Ògì tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín rírọ̀, ìkọ́kọ́rẹ́ tí kò ní ata, gbogbo rẹ̀ dára. Omi tútù lemọ́lemọ́. Kí ata, ọsàn kíkan àti ohun gbígbóná janjan dúró ná.

Obìnrin tó ń yan gàrí, kí ó kúrò nídìí agbada fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èéfín àti ooru kò dára fún egbò yìí. Kò gbọdọ̀ ru ẹrù, kò gbọdọ̀ roko. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá kí i, ẹ kí i, ẹ má mú un sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ Àṣàlátù, bí ẹ bá fẹ́ ṣe é lóore, ẹ bá a bu ògì, ẹ bá a tọ́jú àwọn ọmọ.

Láti ọjọ́ karùn-ún dé ọjọ́ kẹwàá ni èépá ń ṣí. Ìgbà náà ni ẹ̀jẹ̀ lè jáde. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ pupa tó ń jáde, kí aláìsàn jókòó, kí ó tẹ̀ síwájú, kí ó máa tu ú sínú abọ́, kí ó má gbé e mì, kí ẹ sì gbéra lọ ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Ẹ má wá àgbo. Ẹ má ní ó ti dá, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó dá fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lè padà wá pẹ̀lú agbára.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí. Ìyàwó tó ń tu ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ máa dúró kí ọkọ tó ti ọjà tàbí oko dé kí ó tó gba àṣẹ. Ẹ fún un ní àṣẹ náà láti ọjọ́ tí ó ti ilé ìwòsàn dé, kí ẹ sì fi owó ọkọ̀ lé e lọ́wọ́. Ẹ ti bá awakọ̀ kan ládùúgbò sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ pé a lè pè é lóru. Bí ẹ bá ní ẹbí ní Ìkòròdú tàbí ní Ìkẹjà, ó dára kí aláìsàn gbé ọ̀dọ̀ wọn fún ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́, kí ọ̀nà ilé ìwòsàn má baà jìn.

NÍPA ÌJỌ́SÌN

Bí ẹ bá ń ṣe àlùwàlá, ẹ fi omi kan ẹnu jẹ́jẹ́, ẹ má yọ ọ̀fun lẹ́nu. Ẹni tí kò bá lè dìde dúró, kí ó jókòó kírun. Ẹ̀sìn wa ti gbà á. Ààwẹ̀, Súrátúl Bàkárà ti yọ̀ǹda fún aláìsàn pé kí ó san án padà lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tó bá fi agbára gbààwẹ̀ pẹ̀lú egbò tútù nínú ọ̀fun, ara rẹ̀ ni ó ń ṣẹ̀.

Ẹ̀yin ládáànì àti ẹ̀yin tí ẹ ń ka Àlùkùránì, inú gògóńgò ni ohùn ń gbé, kókó tí wọ́n gé kò sí níbẹ̀. Ohùn lè yàtọ̀ díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ó sì sábà máa ń padà sípò. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn pe ìrun fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Láádá yín kò ní sọnù.

Kí Ọlọ́run Ọba fún gbogbo aláìsàn wa ní ìlera, kí ó fi ọgbọ́n kún ọgbọ́n àwọn dókítà wa, kí ó má jẹ́ kí ìdádúró wa pa ẹni wa. Àmín. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.